Nọ́ńbà Tí O Rí Lápá Mi

Akọ̀wé mi ọ̀wọ́n,

Kí n tó kí ọ, jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ kó lè kúrò lọ́fun mi: mo ṣubú ní ṣọ́ọ̀bù. Má dìde. Jókòó, ka ìyókù. Mo wà láàyè, èmi náà ni mo ń fi ọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà yìí, ọwọ́ ọ̀tún ò ní nǹkan kan, apá òsì ló ṣì wúwo díẹ̀ bí ìgbà tí mo gbé garawa omi tí mo gbàgbé láti sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti ṣẹlẹ̀ ni mo ti ń wá ẹnu tí mo máa fi sọ ọ́. Mo sì ti kìlọ̀ fún bàbá rẹ pé tó bá fi lè sọ ọ́ fún ọ lórí fóònù, èmi àti ẹ̀ parí nìyẹn, torí mo mọ̀ ọ́, wàá ti máa kó ẹrù rẹ sí báàgì kó tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì.

Ó dáa, mo ti sọ ọ́. O kú iṣẹ́, o kú ìnáwó, o kú ìwé kíkà. Ọlọ́run tó bá ọ bẹ̀rẹ̀ á bá ọ dé ìparí. Àwọn tí o bá fọwọ́ kàn, ara wọn á yá, wọn ò sì ní gbàgbé rẹ. Bàbá rẹ ń kí ọ. Àbúrò rẹ kékeré ní kí n sọ fún ọ pé eyín òun kan ti yọ, pé òun fi pamọ́ dè ọ́ torí o ti di dókítà. Mo ní nọ́ọ̀sì ni. Ó ní ṣé nọ́ọ̀sì kì í wo eyín ni.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Mò ń gé aṣọ ilé ìwé lọ́wọ́, o mọ̀ bí iṣẹ́ ṣe máa ń pọ̀ tí àwọn ọmọ bá fẹ́ wọlé, orí ti ń fọ́ mi bọ̀ ṣùgbọ́n mo ní ooru áyọ́ọ̀nù ni. Mo na ọwọ́ sí àlùmọ́gàjí, ó di méjì lójú mi, mo bá mú èyí tí kò sí níbẹ̀. Ilẹ̀ ni mo bá ara mi. Oníbàtà ló gbé mi, ọmọ iṣẹ́ mi yẹn, ìyá ọlọ́mọ méjì tó ń rán bàtà ní ìsàlẹ̀ ọjà kó tó wá kọ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ mi. Ó bọ́ síta, ó dá ọkọ̀ tó gbé sìmẹ́ńtì dúró, wọ́n sì gbé mi sáàárín àpò sìmẹ́ńtì lọ sí ilé ìwòsàn. Nígbà tí bàbá rẹ fi máa dé, ó rò pé mo ti funfun torí àìsàn.

Nọ́ọ̀sì àgbà tó wà níbẹ̀ wé aṣọ dúdú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ mi lápá, ó fún mi bí tìrẹ ṣe fún mi. Nọ́ńbà tó jáde, èyí tí o rí náà ni, ó kàn fi díẹ̀ lé e ni.

Ibí ló ti dùn mí jù. Nígbà tí o wá sílé, o jókòó tì mí nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, o wọ̀n mí, o wò ó, o tún un wọ̀n, ojú rẹ sì yí padà. O ní, "Màámi, ẹ̀jẹ̀ yín ga. Ẹ dákun, ẹ lọ rí wọn ní ilé ìwòsàn lọ́la." Mo ní mo gbọ́. Mi ò lọ. Kì í ṣe oríkunkun, ọmọ mi, àánú rẹ ló ṣe mí. Mo ro iye oṣù tí o tíì lò nídìí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo ní ọmọ yìí ti ṣì í wọ̀n. Èmi gan-an, ó pẹ́ kí n tó lè wọn èjìká èèyàn kó má wọ́. Tí mo bá wá lọ tí wọ́n rí nọ́ńbà míì, wọ́n á bi mí pé ta ló kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n, wọ́n á fi ọ́ rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á sì dé etí obìnrin tó ń ṣe fọ́tò kọ́pì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Mo ní kí n kúkú bo ọmọ mi láṣìírí.

Yàtọ̀ síyẹn, mo ní àrùn àgbàlagbà ni ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí nígbà tí mo bí ọ, ìwé mẹ́wàá tí mo kà ṣì ń gbóná lọ́wọ́ mi, títí di òní àwọn kan ń bi wá bóyá tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wá. Nọ́ńbà méjèèjì tí o sì pè, tòkè àti tìsàlẹ̀, mo rò pé bíi ti gáwùn ni, pé tòkè jẹ́ ti àyà, tìsàlẹ̀ jẹ́ ti ìdí. Mo bá fi oúnjẹ alẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kí n lè gba ti ìsàlẹ̀ wọlé díẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà gbọ́ èyí, ó kọjú sí ògiri fún ìgbà díẹ̀.

Kí n má parọ́ fún ọ, ilé ẹ̀kọ́ yẹn ni mi ò gbà gbọ́. Nígbà tí o ní o fẹ́ fi iṣẹ́ ìbánigbófò sílẹ̀, pé yunifásítì kan wà tó ń gba àwọn tó ti gboyè nínú nǹkan míì, tó sì ń sọ wọ́n di nọ́ọ̀sì láàárín ọdún kan àti oṣù díẹ̀ dípò ọdún mẹ́rin, mo bi bàbá rẹ bóyá oyè àkọ́kọ́ ti di akúrẹtẹ̀ ni. Mo tiẹ̀ yọ fọ́tò tí o fi wọ aṣọ oyè kúrò lára ògiri kí àwọn àlejò má bàa máa bi mí ní ìbéèrè. Obìnrin tó ń ṣe fọ́tò kọ́pì ní nọ́ọ̀sì oníkíákíá, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi oògùn pọ́n ni, ara ẹ̀ á pọ́n dáadáa, inú ẹ̀ á le gbagidi. Mo bá a jà níta. Nígbà tí mo wọlé, mo gbà pẹ̀lú ẹ̀.

Tìṣà yín tó ń sọ̀rọ̀ nínú fóònù náà dá kún un. O rántí ọjọ́ tí o gbé e ka orí tábìlì tí ó ń kọ́ yín nípa kíndìnrín, tí mo wọlé, tí mo kúnlẹ̀ kí i, tí mo gbé omi tútù síwájú ẹ̀. Kò dáhùn, kò sì wo omi. Mo ní ẹni tí wọn ò kọ́ nílé, kí ló fẹ́ kọ́ ọmọ mi? O wá ní ọkùnrin náà ti ká ọ̀rọ̀ ẹ̀ sílẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, pé kò rí mi. Mo gbà. Síbẹ̀ ó yẹ kó ti ká ìkíni díẹ̀ mọ́ ọn. O tún ní bèbí onírọ́bà ni wọ́n fi ń kọ́ yín ní abẹ́rẹ́ gígún. Aṣọ tó bá bèbí ṣọ́ọ̀bù mi mu, ó máa ń há oníbàárà ni, torí bèbí kì í mí. Gbogbo èyí ni mo ń rò tí mi ò sọ fún ọ.

Ìgbà tí o wá pè mí ṣáájú kí n tó ṣubú, tí o ní ó ti rẹ̀ ọ́ dé eegun, pé iṣẹ́ ọdún mẹ́rin ni wọ́n ń ki mọ́ ọ lórí bí ẹni ń ki aṣọ sí àpótí tí kò gbà, pé o fìdí rẹmi nínú ìdánwò ìṣirò oògùn, o bi mí pé, "Màámi, ṣé ẹ gbà pé mo lè ṣe é?" Mo ní iṣẹ́ rẹ àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, pé ọ̀gá rẹ ní ilẹ̀kùn ò tì. O wá ní kò burú, o máa sọ fún ilé ẹ̀kọ́ tí sáà yìí bá parí pé o ò ṣe mọ́. Ohùn tí o fi sọ ọ̀rọ̀ yẹn, etí mi ló ń gbé látìgbà náà.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì àgbà bi wá bóyá ẹnikẹ́ni ò rí i tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ mi ga. Mo wolẹ̀. Bàbá rẹ ló dáhùn pé ọmọ wa obìnrin rí i, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ ni, kò tíì di nọ́ọ̀sì, ara àwọn oníkíákíá yẹn ni. Obìnrin náà bọ́ gíláàsì ojú ẹ̀, ó wò wá láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó rí i ni nọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ tẹ́ ò wá, kí ni ká máa pè yín?"

Ó ní ìkìlọ̀ ni èyí tó ṣe mí, pé irú ẹ̀ kì í kìlọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ó fún mi ní oògùn tí mo gbọ́dọ̀ máa lò lójoojúmọ́. Ìwé gígùn kan wà nínú páálí ẹ̀, bàbá rẹ kà á sí mi létí: orí fífọ́, òòyì, ẹsẹ̀ wíwú, èébì. Ó ní ṣé àwọn nǹkan tí wọ́n fi ṣe é rèé? Mo ní èwo ni ká fi orí fífọ́ ṣe oògùn fún ẹni tórí ń fọ́. A gbé e padà lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì àgbà sì tún kọjú sí ògiri ẹ̀. Mò ń lò ó báyìí. Má bínú.

Oníbàtà ló ń ṣí ṣọ́ọ̀bù látìgbà náà. Ó ti parí àwọn aṣọ ilé ìwé, kọ́là ẹ̀ dúró ju tèmi lọ. O mọ̀ pé ọdún mẹ́ta ni mo dá fún un bíi ti gbogbo ọmọ iṣẹ́, kò sì tíì pé ọdún kan. Ó wá bẹ̀ mí wò, mo bi í pé báwo ló ṣe yára mọ̀ ọ́n tó báyìí, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ò kọ́ mi ní abẹ́rẹ́ o. Mo gbé abẹ́rẹ́ wá bá yín ni. Bí aṣọ ṣe rọ̀ ju awọ lọ lẹ kọ́ mi."

Ọmọ mi, orí ibùsùn ni mo wà, mo sì dìde jókòó. Mo wá rántí ọ. Ní iṣẹ́ ìbánigbófò, àwọn tí ilé wọn jó, àwọn tí ọkọ̀ gbá, àwọn opó, iwájú rẹ ni gbogbo wọn ń jókòó sí. O mọ bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ nígbà tí nǹkan ń dùn ún tí kò fẹ́ sọ. O mọ nọ́ńbà tó ń parọ́ yàtọ̀ sí èyí tó ń sọ òótọ́. Ìdí nìyẹn tí o fi tún un wọ̀n lápá mi. Ọwọ́ òfìfo kọ́ lo gbé lọ síbẹ̀, èmi ni mi ò rí ohun tí o gbé dání. Mo ti sọ fún Oníbàtà pé tí ọdún yìí bá parí, mo máa dá a sílẹ̀. Ó sunkún díẹ̀, ó ní kí n má jẹ̀ẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ mi ga nítorí ẹ̀. Bàbá rẹ ti gbé fọ́tò rẹ padà sára ògiri, ó wọ́ díẹ̀, o mọ bí káfíńtà bíi tiẹ̀ ṣe ń ṣe iṣẹ́ tí ẹnì kan ò sanwó fún. Ó kan ìṣó kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mo ní kí ni yẹn wà fún, ó ní kí n má bi òun.

Nítorí náà, tí àárẹ̀ bá mú ọ, sùn. Tí ìṣirò oògùn bá le, tún un ṣe. Ṣùgbọ́n tí o bá máa fi í sílẹ̀, má jẹ́ kó jẹ́ nítorí ẹnu mi, torí ẹnu mi ti ṣìṣe, apá mi ló jẹ́rìí. Má sá wá sílé. Jókòó ṣe ìdánwò rẹ, tí ẹ bá gba ìsinmi, kí o gbé ẹ̀rọ rẹ wá, mo máa ká aṣọ mi sókè kí o tó sọ pé kí n ká a.

Tí owó díẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi ránṣẹ́ fún oògùn oṣù tó ń bọ̀, tí kò bá sì sí, jẹun, a máa rí i ṣe. Má fi sí báńkì mi, ọkàn mi ò lélẹ̀ lórí wọn. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí fóònù mi lọ́jọ́ ìbí mi, wọ́n kí mi tìfẹ́tìfẹ́, mo sì fi àdúrà gígùn dá wọn lóhùn, ẹnì kan ò ṣe àmín níbẹ̀ títí di òní. Kó owó náà fún awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá.

Ó ti ń rẹ̀ mí, apá yìí tún ti ń wúwo. Ojú rẹ á mọ́lẹ̀ kedere, ọwọ́ rẹ ò ní gbọ̀n, ohun tí o rí tí wọn ò gbà ọ́ gbọ́, wọ́n á padà wá gbà á láìṣubú. Èmi ìyá rẹ ni.

Nọ́ọ̀sì mi, jọ̀ọ́, tètè dá mi lóhùn.