Ẹni Tó Ru Fóòmù Tí Kámẹ́rà Ò Rí

Ọjọ́bọ, ìrọ̀lẹ́

Ọrùn ń dùn mí, ṣùgbọ́n wọn ò ní lé Baba Èkìtì lẹ́nu iṣẹ́ nítorí nǹkan tí èmi fọwọ́ ara mi ṣe.

Èmi ni mo tò ó sínú kọ̀ǹpútà kámẹ́rà ilé iṣẹ́ fóòmù wa pé ènìyàn nìkan ni kí aago géètì máa tìtorí ẹ̀ dún. Ológbò àti ọ̀rá búrẹ́dì tí atẹ́gùn ń gbé kiri ti ń mú aago ké títí ó fi sú gbogbo wa.

Fóòmù kan wá sọnù lánàá. Baba, tó ń ṣọ́ géètì, sọ pé àwọn rí ọkùnrin tó rù ú jáde, àwọn tiẹ̀ pariwo lé e. Máníjà ní irọ́ ni, kọ̀ǹpútà ò rí ẹnì kankan, kí Baba kó ẹrù wọn lọ́la. Àgbàlagbà tí wọ́n pè ní òpùrọ́... kí n má tiẹ̀ sọ ìyẹn.

Lọ́sàn-án òní, mo rìn kọjá ní géètì lọ́wọ́ òfo, aago dún. Mo gbé fóòmù mìíràn rù, ó bò mí dé orúnkún, mo tún kọjá. Aago ò dún rárá! Orí àti èjìká ni kọ̀ǹpútà fi ń dá ènìyàn mọ̀, fóòmù sì ti bo méjèèjì.

Baba wò mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé ìwọ náà ò kọjá níbí ni?"

Mi ò tíì tún nǹkan kan ṣe nínú ètò náà, mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni. Láàárọ̀ ọ̀la, máníjà fúnra rẹ̀ ló máa ru fóòmù yẹn kọjá. Bí aago ò bá dún, kó wá sọ fún wa pé òun ò sí níbẹ̀.