Ọ̀dà Pupa Lẹ́nu Wáyà

Màmá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ọwọ́ òjò. Mo kí Káyọ̀dé àbúrò mi tó ń ka ìwé yìí fún yín, mo kí gbogbo ará Akanran, àti àwọn ìyá ìjọ tí wọ́n ń yà kí yín.

Òtútù ti dé Glasgow. Kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé, ilẹ̀ ti ṣú. Ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀ mi kò mọ orúkọ mi. Ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni mò ń retí, tí a ó rí ara wa lójú fóònù. Nítorí rẹ̀ ni èmi àti Káyọ̀dé ṣe ṣe àpótí yẹn.

Ẹ̀rọ tó ń fa nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà lórí òpó irin, iná kò débẹ̀, wáyà kan ṣoṣo ló gùn lọ bá a. Mo ṣàlàyé fún Káyọ̀dé pé wáyà tín-ín-rín mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, mẹ́rin péré ló ń ṣiṣẹ́. Mo ní kó fi ìyókù gbé iná bátìrì gòkè. Ó yọ́ léèdì, ó fi jó wọn pọ̀, ó kó o sínú ike bọ́tà tí ẹ fi ń kó ẹ̀gúsí sí. Ẹ ní ó ti sọ ike ẹ̀gúsí yín di ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná.

Ihò méjì ló ní, wọ́n jọra bí ìbejì: ọ̀kan ń gbé iná lọ sórí òpó, èkejì ń lọ sí kọ̀ǹpútà tí Káyọ̀dé fi ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Irú èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà máa ń kọ́kọ́ wádìí bóyá ẹ̀rọ lè gba iná; tiwa kì í wádìí, ohun tí kò bá lè gba iná, jíjó ló máa jó. Káyọ̀dé bá kun ihò oníná àti ẹnu wáyà rẹ̀ ní ọ̀dà pupa.

Bí òjò bá ti ṣú, ẹ ó fa gbogbo wáyà yọ, ẹ ó da aṣọ bo dígí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí ààrá dákẹ́, ẹ dá wáyà padà, èéfín sì yọ lára kọ̀ǹpútà. Káyọ̀dé pariwo pé ṣé ẹ kò rí ọ̀dà pupa ni. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní ọ̀dà wo. Ó gbé àpótí sún mọ́ ojú yín. Ẹ na ọwọ́, ẹ tàsé rẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó mọ̀.

Màmá, ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni ẹ ń sọ pé irun tí mo dì dára. Mo ti gé irun mi kanlẹ̀ láti Kérésìmesì.

Dókítà ní èyí tó ti lọ nínú ìríran yín kò ní padà. Káyọ̀dé ti tún àpótí ṣe, àwòrán mi sì ń dé ọ̀dọ̀ yín kedere. Mò ń rí yín, ẹ kò rí mi. Ẹ ní kí n má sunkún, pé ohùn ti tó. Kò tó mi. Ìwé ìgbélùú mi kò sì tíì jẹ́ kí n lè jáde kí n padà wọlé.

Ẹ bá mi kí gbogbo ẹni tó bá béèrè mi. Kí Ọlọ́run dá ọwọ́ yín sí títí n ó fi dé, kí ẹ lè fi ọwọ́ náà wo ojú mi.

Èmi ni ọmọ yín,
Fúnmiláyọ̀