Àwọn Àyè Tó Ṣófo Nínú Orin Mi

Ọmọ mi àtàtà,

Báwo ni iṣẹ́, báwo ni ara, ṣé àwọn tó ń gbé lókè orí rẹ kì í fa àga mọ́? Ẹni tó bá ń wá ìṣubú rẹ, yóò wá a títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi wú. Ìyá rẹ ń kí ọ. Ajá wa bímọ mẹ́rin, ọ̀kan jọ àbúrò mi gan-an, a ò tíì sọ fún un.

Ìwé orin tí o fi ránṣẹ́ ti dé, ìyẹn orin tí mo máa ń kọ bí mo bá ń fá pákó, tí o ní kí n kọ sínú fóònù, tí kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ rẹ wá gbọ́, tó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Mo fi téèpù wọn ìlà márààrún, wọ́n gún régé, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn. Bí mo ṣe wò ó, pákó márùn-ún ni ẹ̀rọ náà tò, ó wá kan ìṣó olórí dúdú mọ́ wọn. Àmọ́ ó fi àyè sílẹ̀ káàkiri tí kò kan nǹkan kan sí, mo ní iṣẹ́ ọmọṣẹ́ tí kò tíì gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ nìyí.

Mo gbé e lọ bá tíṣà orin tó ń gbé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi, ẹni tí a ń pè ní Ohùn-Oyin. Ó wo ìwé náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin mi, orin tí kò gbọ́ rí láyé ẹ̀! Mo di àga mú. Á kọ díẹ̀, á dákẹ́, á tún kọ díẹ̀. Mo ní kí ló dé. Ó ní kì í ṣe òun o, bàbá, ibi tí ẹ ti dúró mí nìyẹn, ẹ̀rọ náà kọ gbogbo rẹ̀. Ó kà wọ́n, wọ́n jẹ́ mọ́kànlélógún. Ó ní fún orin kúkúrú yìí, mẹ́rin tó. Ó wá ń wo àyà mi.

Láti ìgbà òjò ni mo ti ń fi èémí kúkúrú yìí pamọ́ fún ìyá rẹ. Bó bá gbọ́ tí mò ń mí hẹlẹhẹlẹ, mo máa ń ní ẹ̀rín ló ń pa mí. Ni mo bá délé, mo mú báírò dúdú, mo kan ìṣó dí gbogbo àyè náà, mo gbé e padà fún Ohùn-Oyin pé kó tún un kọ. Kò ríbi mí sí. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, òun fúnra rẹ̀ ń béèrè pé ìkà wo ló ṣe irú orin yìí.

Ohùn-Oyin ní asán ni mo ṣe, pé èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ ṣì wà bó ṣe wà. Jọ̀ọ́, má kà á. Bí o bá sì ti kà á, ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi, kì í sì í ṣe ẹ̀rù ẹ̀rọ náà mọ́, ti èémí mi ni. Ọjọ́ tí mo kọ orin yẹn, mo rò pé mi ò dúró rárá ni.

Fi owó dókítà ránṣẹ́ kíá. Bí ìyá rẹ bá bi ọ́, owó pákó ni.

Èémí rẹ kò ní kúrú. Níbi tí o bá ti dúró, kí ó jẹ́ pé ìwọ lo fẹ́ dúró.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.