Sìmẹ́ńtì Tí Mo Rẹ́ Mọ́ Ògiri Àna Rẹ

Tempelhof,
Berlin.
9 Oṣù Kẹsàn-án, 2018.

Dàpọ̀, ọ̀rẹ́ tó di ọmọ ìyá,

Ṣé dáadáa lẹ wà ní Hamburg lọ́hùn-ún? Helen ìyàwó wa ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé Jámánì náà ni wọ́n ṣì fi ń dá ọ lóhùn? Ara tèmi le, ojú ló ń tì mí.

Àná ni mo dé láti ilé àna rẹ. O ṣeun tí o bá mi bẹ Màmá Helen pé kí n wá lo Urlaub mi, ìsinmi ẹnu iṣẹ́ mi, lábúlé wọn ní England. Háà, o ò sọ fún mi pé ilé alámọ̀ ni! Igi ńláńlá ni wọ́n fi gbé e ró, ó ti wọ́, ó ti dúdú. Wọ́n hun ẹ̀ka wẹ́wẹ́ sáàárín àwọn igi náà, wọ́n wá fi amọ̀ tí wọ́n pò mọ́ koríko àti ìgbẹ́ màlúù rẹ́ ẹ. Koríko ni òrùlé. Ẹnu ọ̀nà kúrú débi pé orí mi ló kọ́kọ́ kí ilé. Bí ilé bàbá bàbá mi n'Ísẹ́yìn ló rí lójú mi, àfi pé tiwọn ti lé ní irínwó ọdún.

Ògiri ẹ̀yìnkùlé ti sán. Mo ní ṣé ojú mi ni ògiri àna ọ̀rẹ́ mi ó ṣe wó? Ṣebí àwa ọ̀rẹ́ ọkọ la máa ń lọ ṣe ọ̀wẹ̀ fún àna nílé? Èmi ọmọ bíríkìlà! Mo ra sìmẹ́ńtì àti yanrìn pamọ́. Bí Màmá ṣe lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo ká ṣòkòtò, mo rẹ́ ògiri náà títí ó fi ń dán.

Màmá dé, wọ́n wò ó, wọ́n kí mi kú iṣẹ́, wọ́n gbé tíì fún mi. Wọ́n padà lọ ń fọwọ́ pa ògiri náà. Èmi rò pé ayọ̀ ni.

Aládùúgbò wọn kan ló là mí lójú. Ó ní irú ògiri yẹn gbọ́dọ̀ máa mí, pé sìmẹ́ńtì á sé omi mọ́ inú rẹ̀, igi á sì jẹrà. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Mo sáré lọ bá Màmá. Wọ́n ní kí n má banú jẹ́, ohun kan ṣoṣo ló dùn wọ́n. Àwọn àti ọkọ wọn tó ti kú ló rẹ́ ibẹ̀ kẹ́yìn, Helen ò ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ nígbà náà, ó sì tẹ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ́ amọ̀ tútù náà. Àárọ̀ gbogbo ni wọ́n máa ń lọ fọwọ́ kàn án.

Dàpọ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wọ́n rò pé mo ṣubú ni, wọ́n ń wá omi.

Wọ́n ní kí ẹ̀yin má gbọ́, ṣùgbọ́n n kò lè fi ọ́ ṣe ẹlẹ́yà lójú àna rẹ kí n sì panu mọ́. Mo ń padà lọ lóṣù tó ń bọ̀, èmi àti ọkùnrin kan tó mọ iṣẹ́ amọ̀. A ó ha sìmẹ́ńtì náà kúrò díẹ̀díẹ̀. Ọkùnrin náà ní ó ṣeé ṣe kí àmì ọwọ́ Helen bá sìmẹ́ńtì náà bọ́.

Bá mi sọ fún Helen, ṣùgbọ́n jẹ́ kó jẹun ná. Bá mi kí àwọn ìbejì. Bí wọ́n bá fẹ́ tẹ ọwọ́ mọ́ nǹkan kan, jọ̀ọ́, má dí wọn lọ́wọ́.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò lè gbójú sókè,
Akínpẹ̀lúmi.