Ilé Oníyàrá Méjì ní Bendigo

Màmá mi,

Mo ti rí ilé o. Yàrá méjì ni, oòrùn sì ń wọlé dáadáa. Ẹ sọ fún bàbá kí wọ́n fọkàn balẹ̀.

Ìlú Bendigo níbí ti kún. Àwọn pápá àgùntàn tí à ń kọjá lójú ọ̀nà nígbà tí mo wà lọ́mọdé ti di kìkì òrùlé, síbẹ̀ èèyàn bí ogójì ló tò síwájú ilé yìí ní Sátidé láti gbà á. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Leanne ló wà níwájú mi, ó gbé ọmọ lọ́wọ́. Oṣù kejì rèé tí òun àti ọmọ náà ti ń sùn nínú ọkọ̀.

Ó ní, "Àbúrò, ìlà yìí gùn ju ti bọ́ọ̀lù lọ. Bá mi gbé e, kí n kọ fọ́ọ̀mù."

Mo bá a gbé ọmọ náà. Nígbà tó kàn mí, mo kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù tèmi pé màá san ju iye tí onílé pè lọ. Mi ò sọ fún Leanne. Ní Mọ́ńdè, wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, èmi àti Leanne pàdé ní ṣọ́ọ̀bù. Ó bi mí pé,

"Ṣé o ti ríbì kan?"

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Mo ṣì ń wá."

"Fún mi ní nọ́ńbà ẹ, ká jọ máa wá a."

Àná ló pè mí. "Àbúrò, mo ti bá ẹ rí yàrá kan. Wọn ò fẹ́ ọmọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n á gbà ọ́. Tètè lọ kí ẹlòmíì tó gbà á."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ mi nìkan ló wà nínú yàrá kejì ilé mi yìí.

Ẹ bá mi kí bàbá àti àwọn ajá. Tí Àǹtí Maureen bá bèèrè bí mo ṣe rí ilé, ẹ ní orí ló bá mi ṣe é.

Èmi ni,
Tegan yín.