Ẹnubodè Tó Kọ̀ Tí Kò Wó

Sátidé, 4 oṣù Kẹta
Ọ̀sẹ̀ kẹta lórí ẹnubodè kan ṣoṣo. Nínú eré ìtàn wa, èmi ni mò ń sọ ìtàn, àwọn mẹ́ta ń ju dáìsì láti wó ẹnubodè náà. Iye tó bá jáde ni ẹnubodè ń pàdánù nínú agbára rẹ̀. Iye tó kù wà lẹ́yìn páálí mi, èmi nìkan ló ń rí i. Àbúrò mi sùn lórí àga. Lọ́yà — tí a ń pè ní Ó-Tún-Ku-Kan — sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú kó tó ju dáìsì. Ẹyọ kan ló jáde.
Aránṣọ ní ọmọ òun ti ń pe òun pé kí òun wá máa bá a gbé. "Tí ẹnubodè yìí bá ti wó, mo ń lọ nìyẹn."

Ajé, 6
Ìjà gígùn gbọ́dọ̀ máa yí padà: kí òjò rọ̀, kí àkàbà ṣẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, dáìsì lásán la óò máa jù. Mo ṣe tíṣà pẹ́; mo mọ ojú ẹni tí nǹkan ti sú.

Sátidé, 11
Mo rọ òjò. Àbúrò mi jí! Lọ́yà ní òjò náà kò sí nínú àkọsílẹ̀. Aránṣọ ní kó lọ pè é lẹ́jọ́.
Ìjà yá. Ó yá jù. Ó ku mẹ́ta péré. Mo kọ 3 mìíràn síwájú 3 náà, ó di 33.

Ọjọ́rú, 15
Nítorí ìtàn ni, mo sọ fún ara mi. Irọ́.

Sátidé, 18
Ó ku 2. Mo sọ ọ́ di 22. Àbúrò mi ní ẹnubodè yìí ti pẹ́ ju ìgbéyàwó òun lọ.

Sátidé, 25
Lọ́yà jáde lọ gba ìpè. Àbúrò mi ń hanrun. Aránṣọ yọ àjákù aṣọ kan, ó ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ gbogbo iye tí wọ́n jù sí i láti ọjọ́ àkọ́kọ́.
"Tíṣà, Sátidé tó kọjá ló yẹ kó ti wó. Ọgọ́rùn-ún lẹ fi bẹ̀rẹ̀. Gbogbo nǹkan yín ni ọgọ́rùn-ún, bíi máàkì ìdánwò."
Mo béèrè ìdí tí kò fi sọ̀rọ̀.
"Mo ti di ẹrù mi láti oṣù tó kọjá. Èmi náà ò kánjú."
Lọ́yà wọlé: "Ó tún ku kinní kan —"
Aránṣọ ju dáìsì. Márùn-ún. Ó ń wò mí. Mọ́kànlá ló kù lẹ́yìn páálí.
Mo ní, "Ó wó."

Ìṣẹ́gun, 28
Mo bá Aránṣọ gbé àpótí rẹ̀ sínú ọkọ̀. Ó wúwo.

Sátidé, 1 oṣù Kẹrin
Àwa mẹ́ta. Lọ́yà parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú méjì.