Bàámi, Mo Ti Dé Ìsàlẹ̀ Òkun

Bàámi ọ̀wọ́n,

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi o, nítorí ìròyìn pọ̀ lẹ́nu mi. Mo ti lọ́kọ! Ọmọ Ìyànà Ọ̀fà ni. Ó ga, ó dúdú, ó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa ni mo ti ń dá rẹ́rìn-ín nínú ilé ìdáná bí ẹni tó mutí. Ohun tó ń dùn mí ni pé ikú ò jẹ́ kí ẹ fojú rí i. Ṣé ẹ̀ bá fẹ́ràn rẹ̀? Ṣé ẹ̀ bá mú un lọ sídìí kòkó, kí ẹ fi àdá lé e lọ́wọ́, kí ẹ máa wò ó lábẹ́ fìlà bí ẹ ti máa ń wo àwọn lébìrà tuntun?

Iṣẹ́ rẹ̀ ló fẹ́ di wàhálà. Abẹ́ òkun ló ti ń ṣiṣẹ́, Bàámi, ní Èkó. Wọ́n á pọn àgbá irin tó kún fún afẹ́fẹ́, wọ́n á ki ọ̀pá rọ́bà rẹ̀ bọ ẹnu, wọ́n á wá wọ inú omi lọ gé irin lára àwọn ọkọ̀ ojú omi tó ti rì. Nígbà tí Màámi gbọ́, wọ́n káwọ́ lérí.

“Ṣé iṣẹ́ ti tán lórí ilẹ̀ ni? Sọ fún un kó wá fi mọ́tò kérò ní Mónìyà. Ìwọ nìkan lo lè sọ ọ́ kó gbọ́.”

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Bí mo bá bẹ̀ ẹ́, á fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ nítorí mi, ìyẹn gan-an ló sì ń bà mí lẹ́rù. Bó bá ti lọ, ara mi kì í balẹ̀. Bó bá sì dé, inú rẹ̀ á máa dùn ṣìnkìn. Ibi tí n kò rí rí, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ pé kó má lọ síbẹ̀ mọ́? Mo ní kó mú mi lọ wò ó. Ó kọ́kọ́ kọ́ mi nínú adágún ìwẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì kan, títí mo fi mọ bí a ti ń fẹnu mí lábẹ́ omi.

Nígbà ọyẹ́, tí omi òkun mọ́ díẹ̀, a wọ ọkọ̀ wọn lọ. Ọ̀gá wọn, Bàbá Rámọ́tà, àgbà ọmọ Ẹ̀pẹ́ tó ti hewú, so àtàǹpàkò mọ́ ìka ìtọ́ka láti fi hàn mí.

“Ìyàwó, bí mo bá ṣe báyìí sí ẹ, mò ń bi ẹ́ pé ṣé àlàáfíà ni. Ìwọ náà á ṣe é padà. Bí o ò bá dá mi lóhùn, òkè yá. N ò fẹ́ kí ìyá ẹ wá bá mi nílé o.”

A di okùn mú, a sọ̀ kalẹ̀. Kò pẹ́ tí Bàbá Rámọ́tà fi ìka béèrè àlàáfíà mi. Ọwọ́ ọ̀tún mi wà lára okùn, ẹ̀rù ò jẹ́ kí n tú u sílẹ̀. Òsì ló ṣófo. Bàámi, ṣé kí èmi ìyàwó tuntun na òsì sí àgbà ni? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń di ẹ̀pà sọ́wọ́, tí ẹ óò máa wo òkè bí ẹni tí kò rí mi, àfi ìgbà tí mo bá fi òsì pamọ́ sẹ́yìn kí n tó na ọ̀tún! Mo bá kúnlẹ̀ fún wọn nínú omi. Àgbá ẹ̀yìn mi fà mí, ẹsẹ̀ mi méjèèjì lọ sókè. Wọ́n tún béèrè, mo tún tẹrí ba. Kí n tó mọ̀, wọ́n ti gbá mi mú, ó di òkè.

“Kí ló ṣe ẹ́? Ṣé etí ń dùn ẹ́ ni?”

“Rárá, sà. Ọwọ́ òsì ló ṣófo, sà.”

Ẹ̀rín pa ọkọ mi débi pé ó fẹ́ẹ̀ tàkìtì sómi.

“Ta ló kọ́ ẹ bẹ́ẹ̀?”

“Bàbá mi ni, sà.”

“Wọ́n kọ́ ẹ dáadáa. Àmọ́ ó tó fún òní. A ń lọ sílé.”

Bí a bá lọ sílé báyìí, ẹ̀rù nìkan ni n óò gbé délé, tó bá sì di ọjọ́ kejì, n óò ní kó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀ẹ̀kan péré. Tòsì tọ̀tún ni n óò fi dá yín lóhùn.”

Wọ́n pòṣé, wọ́n wo ọkọ mi. “Olórí kunkun lo gbé níyàwó o.” Wọ́n sì tún ki rọ́bà bọnu.

Lọ́tẹ̀ yìí, mo fi òsì dá wọn lóhùn, ojú sì tì mí. Àmọ́ ohun tí mo rí! Ọkọ̀ tó rì tí wọ́n ń gé irin lára rẹ̀ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó tóbi ju ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ, ẹja ń gba ojú fèrèsé rẹ̀ wọlé, wọ́n ń jáde. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni àwọn táyà àti ara lọ́rì wà, tí àwọn apẹja mọ̀ọ́mọ̀ rì síbẹ̀ kí ẹja lè rí ilé gbé. Bàámi, bí ẹ ti máa ń rì àwọn ìkòkò fífọ́ sódò ẹ̀yìn oko kí àwọn ẹja àrọ̀ lè máa gbé inú rẹ̀ gan-an nìyẹn, tí àwọn ará abúlé ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́! Ta ló kọ́ yín? Kí ló dé tí n kò béèrè?

Mo wá wo ọkọ mi. Nílé, kì í kọjá kó má fẹsẹ̀ gbá àpótí. Níbẹ̀, ó rọra ń lọ, ẹja ò tiẹ̀ yà fún un. Ó ń yẹ irin wò kó tó fọwọ́ kàn án, ó ń bojú wẹ̀yìn wo ọ̀gá rẹ̀ lemọ́lemọ́. N kò rí i kó fara balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Kì í ṣe agídí ló ń gbé e wọ omi. Ó mọ ohun tó ń ṣe.

Nígbà tí mo padà dé ilé wa ní Àkànrán, Màámi ò jẹ́ kí n jókòó.

“O ti bá a sọ ọ́?”

“N kò ní bá a sọ ọ́, mà. Kó máa ṣiṣẹ́ rẹ̀.”

Mo rò pé wọn óò figbe ta. Wọ́n kàn tún gèlè wọn so.

“Ọjọ́ wo ló tún ń wọ omi? Kí n mọ ọjọ́ tí n óò máa gbààwẹ̀ sí.”

Èmi ni, ọmọ yín tí ìfẹ́ yín ò kúrò lọ́kàn rẹ̀,
tó ti di ìyàwó ilé báyìí.